Soul Makossa: Orin 'ẹ̀yìn àwo' ọmọ Douala tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí

Lọ́dún 1972, ìlú Yaoundé àti Douala ló gbàlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní kí Manu Dibango, ọmọ bíbí Douala tó ń fọn fèrè saxophone nílẹ̀ Faransé, kọ orin kan fún ìdíje náà.

Orin ìdíje ló wà lójú àwo. Ṣùgbọ́n àwo kékeré ìgbà náà ní ẹ̀yìn, ohun kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Manu Dibango bá mú makossa, ìyẹn orin ijó àwọn ará Douala, ó pò ó mọ́ orin soul àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ó pè é ní Soul Makossa.

Orílẹ̀-èdè Congo na Kamẹrúùnù pẹ̀lú àmì ayò kan sí òdo ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ipò kẹta ni Kamẹrúùnù ṣe nílé ara rẹ̀. Bí ìdíje ṣe parí ni orin ojú àwo náà parí iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn àwo làwọn èèyàn ṣì ń jó títí dòní.

'Kí ló dé tó ń kólòlò?'

Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, Manu Dibango sọ pé ilé àwọn òbí òun ní Douala lòun ti fi orin náà dánra wò. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò yé àwọn òbí rẹ̀ ìdí tí kò fi lè pe 'makossa' bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, tó wá ń gé e sí wẹ́wẹ́ bí akólòlò.

Gígé wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni ayé wá mọ orin náà mọ́. Ó ṣòro kí ẹni tó ń ro ohun tí àwọn aláṣẹ ìdíje máa sọ tó dán irú rẹ̀ wò lójú àwo. Ẹ̀yìn àwo ni ààyè eré wà.

Kí ni àwọn onímọ̀ sọ?

Ní 1973, ọdún tí Soul Makossa dé ipò 35 lórí àtẹ orin Billboard l'Amẹ́ríkà, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní fásitì Stanford tó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n lò.

Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Wọ́n fún àwọn mìíràn láì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọn ò sì fún àwọn tó kù ní nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n fi ohun ìyàwòrán síwájú gbogbo wọn, kò sí ẹ̀bùn kankan lọ́tẹ̀ yìí. Àkókò táwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún lò nídìí rẹ̀ kò ju bí ìdajì èyí táwọn yòókù lò lọ.

Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló fa ìṣòro, nítorí àwọn tí wọ́n bá lójijì ṣì ń yàwòrán tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí ẹ̀bùn bá di ìdí tí èèyàn fi ń ṣe nǹkan ni nǹkan ọ̀hún ń di àárù.

Mihaly Csikszentmihalyi, tó ṣèwádìí nípa àwọn olórin, agunkè àtàwọn oníṣẹ́ ọnà, ní tirẹ̀ ṣàlàyé pé tí iṣẹ́ kò bá rọrùn jù, tí kò sì le ju agbára ẹni lọ, ó máa ń gba èèyàn lọ́kàn débi pé kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Ẹni tó bá ti rí onílù tó ṣì ń lu gángan lẹ́yìn táwọn tó ń náwó fún un ti lọ jókòó kò nílò àlàyé púpọ̀.

Kílò kọfí mẹ́ta

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni wọ́n bí Manu Dibango ní Douala, orin ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì àwọn òbí rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí. Ní 1949, tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi rán an lọ kàwé nílẹ̀ Faransé. Kílò kọfí mẹ́ta ló gbé dání láti fi san owó ilé àti oúnjẹ.

Ìwé ẹ̀rí ni bàbá ń retí, àmọ́ ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Bàbá dáwọ́ owó dúró. Ọmọ gba Brussels lọ, ó ń fọn fèrè nílé ijó. Níbẹ̀ ló ti pàdé Joseph Kabasele, tó mú un lọ sí Congo. Nígbà tó padà sí Douala ní 1963, ó ṣí ilé ijó tirẹ̀, Tam-Tam. Gbèsè ló bá jáde níbẹ̀, ló bá tún forí lé ilẹ̀ Faransé.

Lójú ẹni tó ń ka èrè nìkan, òfo ló pọ̀ nínú ìrìn yìí. Ṣùgbọ́n jazz tó kọ́ ní Yúróòpù, rumba tó kọ́ ní Congo àti makossa ilé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn àwo ṣófo ní 1972.

Ṣé ká má béèrè owó ni?

Rárá o. David Mancuso rí àwo náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn, ó ń lò ó níbi àríyá rẹ̀, Frankie Crocker sì gbé e sáfẹ́fẹ́ ní rédíò WBLS, ni àwo bá di àwátì. Nígbà tí Michael Jackson lo ègbè orin náà ní 1982 láì dárúkọ ẹni tó ni ín, Manu Dibango gbé e lọ ilé ẹjọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ níta. Ó tún pẹjọ́ ní 2009 lórí orin Rihanna, àmọ́ ilé ẹjọ́ Paris kò gbà á wọlé. Ẹni tí iṣẹ́ dùn mọ́ náà ń jẹun.

Ohun tí kò ṣe ni kó jókòó máa kọ Soul Makossa kejì. Ó lọ darí ẹgbẹ́ olórin iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Abidjan, ó lọ bá Sly àti Robbie gba reggae sílẹ̀ ní Jamaica, ó sì pe King Sunny Adé àti Angélique Kidjo sínú àwo Wakafrika ní 1994.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, ó gorí ìtàgé Grand Rex ní Paris pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin onígòjé ńlá. Ẹni ọdún 85 ni nígbà náà. Àrùn Kòrónà ló pa á ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020.