Àrùn ni Wọ́n ń Sá Fún, Kì í Ṣe Ara Wọn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ kí a jọ wo inú igbó lọ́sẹ̀ yìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko. Àwọn tí ń gbé pọ̀ a máa bá ara wọn ṣọ́ ọ̀tá, wọn a sì máa bá ara wọn wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí ara bá ti ń kan ara, ibẹ̀ náà ni àrùn ń gbà kọjá. Báwo wá ni ẹranko, tí kò ní dókítà tí kò sì ní ọṣẹ, ṣe ń bá aláìsàn gbé?

Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Gabon, ní ọgbà ẹranko Lékédi, ọ̀wọ́ ọ̀bọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní mandrill. Imú akọ wọn pupa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dà bí aró. Bí ẹ bá rí bí wọ́n ti ń jókòó ti ara wọn, tí ọ̀kan ń ya irun èkejì, tí ó ń ṣa kòkòrò àti ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀, ẹ ó rántí àwọn obìnrin tí ń dirun fún ara wọn níwájú ilé. Irun yíyà yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rẹ́.

Àwọn onímọ̀ ṣọ́ wọn fún ohun tí ó ju ọdún 2 lọ, wọ́n sì ń yẹ ìgbẹ́ wọn wò láti mọ èyí tí kòkòrò àrùn wà nínú ìfun rẹ̀. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Ọ̀bọ tí kòkòrò bá pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ya irun rẹ̀ mọ́. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a fi ìgbẹ́ aláìsàn pa igi ọparun kan, tí a fi ti ẹni tí ara rẹ̀ le pa òmíràn, ti aláìsàn ni wọ́n yẹra fún.

Ẹ fetí sí èyí dáradára o. Àwọn onímọ̀ náà mú díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣàìsàn, wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n sì dá wọn padà sáàárín ẹgbẹ́. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn yòókù tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun wọn ju ti ìgbà àìsàn lọ. Wọn kò fi àìsàn àná dá wọn lẹ́bi.

Ìwádìí mìíràn lórí àwọn ọ̀bọ kan náà jáde ní ọdún 2020. Ó fi hàn pé bí àwọn ará ìta tilẹ̀ ń yẹra, ìyá kì í dẹ́kun àti máa ya irun ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyá kì í fi ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà mìíràn, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń fà sẹ́yìn. Ní ìlú Belize, ní Amẹ́ríkà Àárín, a mú abo àdán 31 nínú ihò igi kan. Irú àdán tí ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ẹṣin ni wọ́n. A gún nǹkan bí ìdajì wọn ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ara wúwo fún wákàtí díẹ̀ bí ẹni tí ń ṣàìsàn, a lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn gbogbo wọn láti mọ ẹni tí ó sún mọ́ ẹni, a sì dá wọn sílẹ̀. Láàárín wákàtí 6, iye ẹgbẹ́ tí àwọn tí ara wọn wúwo sún mọ́ fi nǹkan bí 4 dín sí ti àwọn tí ara wọn yá. Kò sí ẹni tí ó lé wọn. Ara wọn ni kò yá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwà ẹranko ni ó ń dín àrùn kù. Ní erékùṣù Tasmania, lápá gúúsù Ọsirélíà, ẹranko kan wà tí a ń pè ní Tasmanian devil. Ìjà ni iṣẹ́ rẹ̀: bí wọ́n bá pàdé nídìí òkú ẹran, tàbí nígbà gígùn, wọn a bu ara wọn jẹ lójú. Ní ọdún 1996 ni a kọ́kọ́ rí jẹjẹrẹ kan lójú wọn, tí ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì nípa ìbunijẹ. Ó ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2013 sì fi hàn pé àwọn tí ojú ọgbẹ́ kò pọ̀ lára wọn ni jẹjẹrẹ náà ń mú jù. Èyí tí ń bu ẹlòmíràn jẹ ni ó ń ti ẹnu bọ inú kókó àrùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀bọ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àdán kò sì mọ orúkọ àrùn. Àwa tí a ní làákàyè, ẹ jẹ́ kí a ṣe ju tiwọn lọ. Bí èèyí bá mú ọmọ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá ọmọ aládùúgbò ṣeré títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Kí ẹni kan máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa fọ ọwọ́.

Ohun tí ó burú jù láàárín wa ni èyí tí àwọn ọ̀bọ Gabon kò ṣe. Ẹni tí ikọ́ fée mú, tí ó lo oògùn rẹ̀ pé, tí dókítà sì sọ pé ó ti sàn, kí ló dé tí a tún ń ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀? Kí ló dé tí a kì í fẹ́ jókòó tì í níbi ìnáwó? Àrùn ni a ń sá fún. Bí àrùn bá ti lọ, ẹ jẹ́ kí ènìyàn wa padà sí ipò rẹ̀.