Íǹṣì Ìmẹ̀kọ, Sẹ̀ǹtímítà Kétu

Bí ìwọ̀n bá wọlé sórí fóònù mi láti Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n kọ ọ́ pé "àyà 38, ìbàdí 42, gígùn 44", n kì í béèrè bóyá íǹṣì ni tàbí sẹ̀ǹtímítà. Orí àgbàlagbà lásán, bí a bá fi téèpù yí i ká, ó ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Àyà ta ni yóò wá jẹ́ 38? Íǹṣì ni àwọn aránṣọ Nàìjíríà ń lò. Sẹ̀ǹtímítà ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kétu níbí ń lò, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀, téèpù kan náà ni gbogbo wa ń gbé kọ́rùn: ojú kan 60, ojú kejì 150.

Àwa kọ́ la yàn án bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé lórí ààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ahoro ni Kétu wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín in yẹn, torí Dahomey ti kó o ní 1886. Faransé ti fi òfin de àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ́ mítà láti 1840. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kó yáàdì àti páùn dé. Nàìjíríà yí sí mítà ní àwọn ọdún 1970. Ojú ọ̀nà di kìlómítà, epo di lítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé etí àwọn télọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, kò lé, kò dín. 1959 ni Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fẹnu kò lé e lórí. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 30.48, yáàdì kan jẹ́ 91.44. Bí ẹ bá ra téèpù tuntun, tí ojú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kan náà, ẹ wo íǹṣì 50: ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 127. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn 2.5, torí ó yá lórí. Ní ọrùn ọwọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n gígùn 44 yẹn, 110 ni yóò fún wọn, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 111.76. Sẹ̀ǹtímítà méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ yẹn, àyè tí a fẹ́ fi ṣẹ́ etí aṣọ ti wọlé sí i. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n yí odindi ìwọ̀n padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi àyè ìmí kún un, kí wọ́n tó wá pín in sí mẹ́rin. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ààmì, kí wọ́n gbé e sókè. Aṣọ tó fẹ̀ ṣeé dín.

Aṣọ fúnra rẹ̀ ló wá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Kétu, àti ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ mítà àti kílò, yáàdì ni àǹkàrá. Odindi rẹ̀ jẹ́ yáàdì 12, ààbọ̀ rẹ̀ yáàdì 6, pagne kan yáàdì 2. Vlisco, tí ti wọn wọ́n jù, ìlú Helmond ní Netherlands ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti 1846. Orílẹ̀-èdè yẹn ti ń lo mítà kí ilé iṣẹ́ náà tó dáyé. Síbẹ̀ yáàdì ni wọ́n ń kà fún wa, torí yáàdì ni oníbàárà mọ̀.

Yáàdì 6 kò pé mítà 6 o. Mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 49 ni. Ẹni tí mo ní kó ra mítà 6, tó lọ ra yáàdì 6, sẹ̀ǹtímítà 51 ló fi sílẹ̀ lọ́jà, ó tó apá bùbá. Àwọn ìyá kan kì í tilẹ̀ lo ọ̀pá: wọ́n á na aṣọ láti orí imú dé ìka ọwọ́, wọ́n á ní yáàdì kan nìyẹn. Ọ̀dọ̀ èyí tó bá ga nínú wọn ni kí ẹ ti rà.

Ti ilẹ̀ ló le jù, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyípadà ń wọ inú rẹ̀, ní gígùn àti ní ìbú. Mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, ṣùgbọ́n mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10.76. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tí wọ́n mọ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin bíi 465. Lọ́dọ̀ wa, 500 ló wọ́pọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Abẹ́òkúta fẹ́ ra irú pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 yẹn kan níbí. Ó fi 3.28 pín ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5,000 rẹ̀, ó ní mítà onígun mẹ́rin 1,524 lòun ń fẹ́. Onílẹ̀ ní kò burú, pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ló fẹ́ yẹn, kó kó owó mẹ́ta wá.