AWỌ ARA KÌ Í ṢE ÈÈPO IṢU: Ẹ YÉÉ BÓ O!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá lọ síbi ìnáwó, tí ẹ rí arábìnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìn, tó wá na ọwọ́ láti gba abọ́ ìrẹsì, tí gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí èédú, kí lẹ máa ń sọ? Mo mọ̀ pé ẹ óò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìgboro tilẹ̀ ti fún un lórúkọ: ojú Fáńtà, ẹsẹ̀ Kóòkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ tí awọ ara ń ṣe, àánú onítọ̀hún ni yóò ṣe yín.

KÍ NI AWỌ ARA GAN-AN?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni awọ kàn bo ẹran ara lásán, bí ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ẹ̀yà ara ni awọ, gẹ́gẹ́ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ṣe jẹ́. Bí a bá ní ká tẹ́ ti géńdé kan sílẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹní tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.

Ìpele 3 ló ní. Ti òkè ni à ń fojú rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi lára, kò nípọn ju ìwé lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni awọ tuntun ti ń hù, tó ń ti èyí tó gbó sókè díẹ̀díẹ̀. Láàrin bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, èyí tó gbó á ti kú, á sì ré dànù. Òun ni kànìnkànìn ń fà kúrò nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀.

Ìpele kejì ló nípọn. Okùn tín-ín-tìn-ín pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n hun mọ́ra bí aṣọ òfì. Òun ni kì í jẹ́ kí awọ ya bí a bá fà á. Ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, àti gbòǹgbò irun, àti iṣan tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé iná gbóná, àti orísun òógùn tó tó mílíọ̀nù 2 sí 4. Bí òógùn bá ti ń gbẹ lára ni ara ń tutù. Ìpele kẹta, ọ̀rá ni. Òun ni tìmùtìmù ara.

Ẹ tún rántí pé awọ ni ìlẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn ráyè wọlé, tí kì í sì í jẹ́ kí omi ara wa gbẹ tán. Òun náà ló ń fi oòrùn ṣe fítámì D tó ń mú egungun le.

ÀWỌN ALÁRÓ INÚ AWỌ

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Ní ìdí ìpele òkè, àwọn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ pè ní aláró. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa po aró tí àwọn dókítà ń pè ní melanin, kí wọ́n sì máa pín in fún àwọn aládùúgbò wọn. Ẹ gbọ́ ná: iye aláró tó wà lára òyìnbó àti iye tó wà lára ènìyàn dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Kìkì pé tiwa ń ṣiṣẹ́ ju tiwọn lọ ni. Aró yìí sì ni agboòrùn tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó inú awọ.

Ẹ wo àwọn àfín. Aláró wà lára wọn, aró ni kò tó. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń ba awọ wọn jẹ́, tí jẹjẹrẹ awọ sì ń tètè mú wọn. Ohun tí àfín ì bá fowó rà bó bá wà lọ́jà, òun làwa ń fowó ra oògùn pa!

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌPARA YẸN

Nǹkan 3 ló burú jù. Àkọ́kọ́ ni mercury. Kì í ṣe iṣẹ́ aláró nìkan ló ń dá dúró, ó ń gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú nítorí àìsàn kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ para.

Ìkejì ni hydroquinone. Ẹlẹ́tàn ni èyí. Á kọ́kọ́ sọ ojú di pupa, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ ni àpá náà kì í fẹ́ lọ mọ́. Ní 1990 ni South Africa ti lé e kúrò nínú ìpara.

Ìkẹta ni steroid, irú bíi clobetasol. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà, fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ di pòmáàdì òjoojúmọ́, aṣọ òfì inú ìpele kejì ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Awọ á fẹ́lẹ́, itan á kún fún ìlà, egbò kò ní tètè jiná. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ abẹ bá dé, awọ lè má gba abẹ́rẹ́ tí dókítà fi ń rán an. Ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ṣé ẹ rí i? Àwọ̀ ni wọ́n ń wá, awọ ni wọ́n ń pàdánù.

Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ FI ỌMỌ ỌWỌ́ SÍLẸ̀

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ìyá tó ń fi í pa ọmọ tuntun, wọ́n ní kí àwọ̀ ọmọ má baà ṣú. Ẹ̀yin ìyá, awọ ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ sì kéré. Kíá ni oògùn ń ràn án. Òrí àti àdí tí àwọn ìyá wa fi pa wá kì í pa aró ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó rà á, ẹ ka ara páálí. Bí ẹ bá rí mercury, calomel, hydroquinone, clobetasol tàbí betamethasone, ẹ gbé e sílẹ̀. Èyí tí wọ́n pò sínú ike lọ́jà tí kò lórúkọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ti ń bóra tipẹ́, ojú kò tì yín o, ẹ lọ rí dókítà awọ. Ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín, nítorí awọ tó ti mọ́ steroid lára lè wú kó sì máa jó yín bí iná.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń pariwo pé pupa lẹ fẹ́, ẹ wà nínú ẹ̀bi yìí. Ṣé àwọn baba wa tó ń ki aya wọn ní adúmáadán kò mọ ohun tó dára ni? Ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ tẹnu yín.