Ìwé Ìsàmì àti Orísun Orúkọ Ìdílé

Ẹni tí ó ń gbé Festac Town, tí ó sì ń jẹ́ Pereira, da Silva tàbí Crowther, kò lè bá ìpìlẹ̀ orúkọ náà nínú ìwé ìjọ àdúgbò rẹ̀, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú náà fún àwọn tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, ẹ̀yìn ìgbà náà sì ni àwọn ará ìlú kó wọ inú ilé wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin Ìjọ Àgùdà ni pé kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mú ẹ̀dà ìwé ìsàmì rẹ̀ wá láti ìjọ tí wọ́n ti sàmì fún un, bí ìgbéyàwó bá sì parí, àlùfáà á ránṣẹ́ sí ìjọ náà kí wọ́n lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ onítọ̀hún; nípa bẹ́ẹ̀, ìwé ìgbéyàwó Festac lè darí ènìyàn sí ìwé ìsàmì ní Holy Cross ní Erékùṣù Èkó, níbi tí orúkọ bàbá, ìyá àti àwọn òbí ìsàmì wà, ìyẹn àwọn tí ó dúró fún ọmọ níwájú pẹpẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n gbà pé orúkọ ìdílé àti ẹ̀jẹ̀ ń rìn pọ̀. Orúkọ olówó ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 ń jẹ́. Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n sàmì fún ní Sierra Leone ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, gba orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní London tí kò bá a tan rárá, nítorí náà àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tí ó bá lọ ń wá Crowther kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìran ẹlòmíràn ni yóò máa kọ sílẹ̀. Ti Mojola Agbebi, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi, tún yàtọ̀: David Brown Vincent ni ó ń jẹ́ títí di ọdún 1894, tí ó fi orúkọ náà sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń tọ Agbebi nìkan yóò dúró lójijì ní ọdún yẹn. Orúkọ ìyá, ti òbí ìsàmì àti àdúgbò ló yẹ kí olùwádìí máa tọ̀.

Fún àwọn Àgùdà, àwọn ìwé ìjọ Bahia ní Brazil wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú FamilySearch, lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú wọn, orúkọ olówó àti ọ̀rọ̀ náà Nagô, tí wọ́n fi ń pe ọmọ Yorùbá, ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n sàmì fún, láìdárúkọ ìlú rẹ̀. Bóyá Òwu ni tàbí Ọ̀fà, oríkì orílẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ilé ṣì ń kì ni ó kù tí ó lè sọ ọ́.