Omi tí ń ṣọ́ ilé ìdáná: ohun tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ síǹkì yín

Bí òórùn burúkú bá gba ilé ìdáná kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n da ìdọ̀tí nù, kí wọ́n fọ ilẹ̀, kí wọ́n sì fọ́n ògùn apakòkòrò sí gbogbo igun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òórùn náà yóò tún padà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lábẹ́ síǹkì tí a so dáadáa, páìpù tí ń gbé omi ìdọ̀tí lọ kì í lọ tààrà. Ó máa ń tẹ̀ wálẹ̀, yóò tún gòkè díẹ̀, kí ó tó gba ara ògiri jáde. Nínú kọ́lọkọ̀lọ yẹn ni omi díẹ̀ máa ń dúró sí nígbà tí a bá fọ àwo tán. Àwọn púlọ́ńbà ń pè é ní tráàpù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtumọ̀ èdè lè fẹ́ pè é ní pańpẹ́ tàbí tàkúté, ṣùgbọ́n kò mú ohunkóhun. Ẹ̀ṣọ́ ni. Omi inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ihò sókàwéè gba inú páìpù padà wọ ibi tí a ti ń gún iyán.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1775 ni Alexander Cumming, aṣe-aago ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London, gba ìwé àṣẹ lórí ilé ìyàgbẹ́ olómi kan tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ bí lẹ́tà S. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì rí ohun tí ó rọrùn jù ú lọ.

Afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú sókàwéè ní èyí tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ nínú. Bí ó bá pọ̀, ó ń ta ojú àti ọ̀fun, ó ń fa orí fífọ́ àti èébì. Òun kan náà ni ó máa ń pa àwọn tí wọ́n bá kó wọ inú ihò ìdọ̀tí láti gbọ́n ọn. Ìwọ̀n tí ń gba ẹnu síǹkì wọlé kì í sábà tó èyí tí í pani, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n aáyán náà ń gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ara aáyán máa ń kó kòkòrò àrùn bíi salmonella, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, láti inú ìdọ̀tí wá sórí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ẹnu páìpù náà bá sì lọ parí sí gọ́tà ìta láìní ìdérí, eku pẹ̀lú lè gùn ún.

Ibi tí gbogbo ayé ti rí ewu tráàpù gbígbẹ kedere jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, àrùn SARS bẹ́ sílẹ̀ ní ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Amoy Gardens ní Hong Kong, ó sì mú àwọn olùgbé ibẹ̀ tí ó lé ní 300. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlera ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé omi ti gbẹ nínú tráàpù ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀. Fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde wá ń fa afẹ́fẹ́ eléèérí láti inú páìpù wọlé. Ti ilé ìwẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti síǹkì, ṣùgbọ́n omi kan náà ni ó gbẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan dé, kí ó kọ́kọ́ da omi sí ẹnu gbogbo páìpù ilé rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé tiwa, omi náà kò tilẹ̀ ráyè gbẹ, nítorí pé kò síbi tí yóò dúró sí. Ní ilé tí oníròyìn yìí kó sí nígbà kan, rọ́bà oníwéwé tí ń nà bí dùùrù alápá ni wọ́n ti bọ ihò ògiri láti abẹ́ síǹkì, wọ́n sì fi àkísà di etí rẹ̀. Nígbà tí a pe ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, èsì rẹ̀ ni pé, “Ọ̀gá, bí ẹ bá ti ń lò ó, òórùn náà á lọ.” Oṣù mẹ́ta kọjá, òórùn kò lọ, àkísà náà sì ti hu olú.

Ohun tí ó burú nínú rọ́bà yẹn ni pé òróró àti ẹ̀fọ́ máa ń há sáàárín àwọn wéwé rẹ̀ tí wọ́n á sì máa rà, bí a bá sì nà án, kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ẹ ra tráàpù oníke tí inú rẹ̀ ń dán, tí a sì lè fi ọwọ́ tú. Ínǹṣì kan àbọ̀, tàbí mìlímítà 40, ni ìwọ̀n tí ó bá síǹkì ilé ìdáná mu. Èyí tí ó kéré sí i jẹ́ ti abọ́ ìfọwọ́. Àwọn òfin ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà ní kí omi inú rẹ̀ ga tó ínǹṣì 2 ó kéré tán. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní mìlímítà 75. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ jẹ́ kí páìpù gba ara ògiri jáde. Èyí tí ó bá já wọ ilẹ̀ tààrà, bíi ti Cumming, omi tí ń sáré lọ lè fa ti inú tráàpù tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Láti tráàpù dé ògiri, kí páìpù náà da gẹ̀rẹ́ gẹ̀rẹ́, bíi sẹ̀ntímítà méjì nínú mítà kan. Wáṣà rọ́bà ni ó ń dá omi dúró níbi ìsopọ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ ti nọ́ọ̀tì bọ páìpù, kí wáṣà tẹ̀ lé e, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó tín-ín-rín kọjú sí ẹnu ibi tí páìpù yóò wọ̀. Ọwọ́ lásán tó láti dè é. Ẹni tí ó bá fi sípánà fún un ní tipátipá yóò fọ́ ọ. Púlọ́ńbà tí ó bá fẹ́ lẹ gbogbo rẹ̀ pa, ẹ má gbà fún un, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ṣíbí tàbí egungun ẹja yóò há síbẹ̀, ayùn ni ẹ ó sì fi ṣí i. Ihò tí ó kù yí páìpù ká lára ògiri, símẹ́ńtì ni kí ẹ fi dí i.

Nígbà tí ó bá parí, ẹ má jẹ́ kí ó lọ. Ẹ dí ẹnu síǹkì, ẹ fa omi kún un, kí ẹ wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi táàpù tí ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì í fi ibi tí ń jò hàn. Ẹ fi bébà gbígbẹ nu ìsàlẹ̀ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún fi òmíràn nu ún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí bébà bá tutù, ẹ tú nọ́ọ̀tì yẹn, ẹ wo bóyá wáṣà rẹ̀ ṣẹ́po, kí ẹ tún un dè.