Ẹ̀rọ Tí A Ń Há Mọ́ Ìka Ọmọ

Ní oṣù tí ó kọjá, obìnrin kan tí ó ń tajà ní Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ wá síbi ìkómọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ó pọ̀n wá sì ṣàìsàn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó wá bá mi.

Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí. Wọn kò tíì gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí rárá. Wọ́n kàn há nǹkan bí pẹ́ẹ̀gì aṣọ mọ́ ọn ní ìka ẹsẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní àyà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé e lọ. Ara rẹ̀ tí ó ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta sì ti rọlẹ̀! Mo fẹ́ máa gbé e lọ sí Ọ̀yọ́."

Mo bi í pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́. Ó ní ó tutù bí omi àmù. Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ́ tàbí ibòmíràn bá ràn ká ara, tí ara fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara jẹ́ níbi tí ó ti ń bá a jà, òun ni àwọn dókítà ń pè ní sepsis. Ara a máa fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti fi dáàbò bo ọkàn àti ọpọlọ. Nítorí náà ni ìtutù náà kì í fi í ṣe ìwòsàn nígbà gbogbo. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ èékánná tàbí àárín àyà ọmọ títí ó fi funfun, tí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ padà kíákíá. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ, ewu ń bẹ.

Ẹ̀rọ ẹsẹ̀ ńkọ́? Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ni ó rí ọgbọ́n rẹ̀. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa kan àti òmíràn tí ojú kò lè rí gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn dáadáa kì í gba ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bí èyí tí kò gbé e. Bí iye náà kò bá tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ nílò ọ́síjìn. Láàárín 2015 sí 2017, àwọn dókítà UCH Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ọsirélíà kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn 12 ní ìhà tiwa níbí láti máa lò ó fún ọmọdé.

Kì í ṣe ẹ̀rọ tí kì í ṣàṣìṣe. Lààlì tàbí ọ̀dà èékánná lè dí i lójú, ẹsẹ̀ tí ó tutù náà lè dà á rú. Ní 2020, àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi hàn pé nígbà mìíràn ó máa ń sọ pé ọ́síjìn tó lára aláwọ̀ dúdú nígbà tí kò tó. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì rere fi ń wo ọmọ, kì í wo ẹ̀rọ nìkan. Ẹ̀jẹ̀ náà yóò ṣì di gbígbà, nítorí òun ni yóò sọ irú kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì yẹn lè gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ kò sì lè dúró dè é.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Nígbà tí ọmọ kò bá sunkún, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, kí ẹ ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 ti pọ̀ jù. Láti oṣù méjì títí di ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣe é jí, ẹ má dúró se àgbo.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún obìnrin náà. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tí ó fi sáré padà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọ́síjìn wà nímú ọmọ, oògùn apakòkòrò ń wọ ara rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́.