Nígbà Tí Wọ́n Bá Ti Ilẹ̀kùn Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ fóònù la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù nìkan. Ọ̀rọ̀ owó yín ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yín sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Kajú ni ìyá yìí ń tà. Láràárọ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kútọnu máa ń fi iye tí wọ́n ń ra kílò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ní ọjọ́ kan, ìyá tẹ fóònù títí, kò rí nǹkan kan. Alájàpá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Ìyá, ọjà ti já wálẹ̀ o. Iye tí mo lè san nìyí." Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ìyá ò mọ̀. Bí alájàpá bá fi sefa 50 rẹ́ ẹ jẹ lórí kílò kan, tí ìyá bá ta 100 kílò, sefa 5.000 ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ìròyìn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó sì bá a lọ.

Nígbà mìíràn, wáyà ló já. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìjọba ló pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọ̀nà. Báwo ni wọ́n ṣe ń tì í? Kí ló dé tí wọ́n fi ń tì í? Kí ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ Àkàbà Ìdẹ̀nà. Láyé àtijọ́, odi àti yàrà ló yí ìlú ká. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú, ẹnubodè ni yóò gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá di ẹnubodè mú, ó ti di ìlú mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó máa ń fò láti inú fóònù yín lọ sí òpó gíga tí ilé iṣẹ́ fóònù rì mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, á dé ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, á gba inú wáyà ńlá tó wà lábẹ́ òkun lọ sí òkèèrè, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wà. Wáyà tó ń jẹ́ SAT-3 àti èyí tó ń jẹ́ ACE ló gúnlẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ WACS gúnlẹ̀ sí Tógò, Equiano sì dé Lòmé ní ọdún 2022.

Ẹ ò rí i pé ẹnubodè náà kò pọ̀? Ilé iṣẹ́ fóònù kò pọ̀, wáyà kò pọ̀. Ìjọba ló sì ń fún ilé iṣẹ́ fóònù ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Bí ìjọba bá ní "ẹ tì í", ó ṣòro fún wọn láti kọ̀.

2. Ọ̀nà mélòó ni wọ́n ń gbà tì í?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

Èkíní: wọ́n lè fi ilé pamọ́. Gbogbo ìkànnì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní orúkọ, ó sì ní nọ́ńbà. Orúkọ ni àwa ń tẹ̀, nọ́ńbà ni fóònù ń tẹ̀ lé. Fóònù á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù pé: "Níbo ni ilé lágbájá wà?" Bí àṣẹ bá ti wá, ilé iṣẹ́ á dáhùn pé: "N ò mọ ibẹ̀." Ilé náà kò wó. Ẹ kàn ní rí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ ni.

Èkejì: wọ́n lè fi oníbodè sọ́nà. Oníbodè yìí, ẹ̀rọ ni. Nọ́ńbà àti orúkọ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ síbẹ̀, á dá a padà.

Ẹ̀kẹta: wọ́n lè mú kí ọ̀nà máa fà. Wọn ò tì í pátápátá. Ṣùgbọ́n àwòrán kò ní ṣí, fídíò kò ní lọ. Ẹ óò máa rò pé fóònù yín ló ti gbó.

Ẹ̀kẹrin: wọ́n lè gé gbogbo rẹ̀. WhatsApp kò lọ, Facebook kò lọ, ìkànnì ìwé ìròyìn kò lọ, ti báńkì náà kò lọ.

Ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ níbí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí lẹ́tà tí a fi òǹtẹ̀ lẹ̀. Oníbodè lè rí ilé tí lẹ́tà ń lọ, ṣùgbọ́n kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò lè ṣa irọ́ jáde kí ó fi òótọ́ sílẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ dá irọ́ ẹnì kan dúró lórí WhatsApp, àfi kí ó ti WhatsApp mọ́ gbogbo ìlú. Àwọn àgbà ní: "Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà." Ìyá oníkajú kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òkò bà á.

3. Ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ó ti ṣẹlẹ̀, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ní Tógò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn èèyàn tú síta láti bá ìjọba wí. Wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n dá òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1992 padà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020, tó jẹ́ ọjọ́ ìbò ààrẹ, WhatsApp àti àwọn mìíràn tí à ń fi ránṣẹ́ tún dí.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ dé. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tó bá lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn yóò san owó orí sefa 5 lórí mẹ́gà kan. Ẹni tó bá lo mẹ́gà 100, sefa 500 ni yóò fi kún owó rẹ̀. Àwọn ará ìlú pariwo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba fagi lé e. Ọ̀wọ́n gógó náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ tálákà.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019 dé. Ọjọ́ Àìkú ni. Ọjọ́ ìbò àwọn aṣòfin ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò, kò sì sí ẹgbẹ́ alátakò kankan níbẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, WhatsApp àti Facebook kò lọ mọ́. Nígbà tó ṣe, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó di ọjọ́ kejì kó tó padà. Ní ọjọ́ tó yẹ kí ará ìlú mọ bí ìbò ṣe ń lọ ní abúlé kejì, ojú gbogbo èèyàn ṣókùnkùn.

Ní Nàìjíríà, wọn ò gé gbogbo rẹ̀. Twitter nìkan ni wọ́n tì. Ilé iṣẹ́ Twitter ti pa ọ̀rọ̀ kan tí ààrẹ Muhammadu Buhari kọ rẹ́. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba ti Twitter. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Oṣù méje gbáko!

4. Kí ni ìjọba ń sọ? Kí ni òfin ń sọ?

Ìjọba a máa sọ pé irọ́ ń tàn kálẹ̀ kíákíá lórí fóònù, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: irọ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè mú àwòrán ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ ibòmíràn, kó ní Àjàṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti ibẹ̀ ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré kọ́.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, irọ́ kò kú. Á máa rìn lẹ́nu. Òótọ́ tó lè tètè lé e bá ni kò ní rí ọ̀nà gbà.

Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1981, sọ ní abala 9 pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìròyìn, àti láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ lábẹ́ òfin. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú àdéhùn yìí.

Ẹgbẹ́ Amnesty International ti Tógò, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn àti akọ̀ròyìn kan gbé ọ̀rọ̀ ọdún 2017 lọ sí ilé-ẹjọ́ CEDEAO ní Àbújá. Ìjọba Tógò ní nítorí ààbò ìlú ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé kò sí òfin tó gbè é lẹ́sẹ̀, àti pé wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lójú. Ó ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 2 sefa fún olùpẹ̀jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì rí i pé irú rẹ̀ kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ Twitter.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ọ̀nà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ará ìlú bi ìjọba. Òfin wo lẹ fi tì í? Ewu wo lẹ rí? Ṣé kò sí ọ̀nà kékeré mìíràn tí ẹ lè gbà?

5. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n tì í ni?

Ẹ má ṣe yára di ẹ̀bi ru ìjọba. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Àbíjàn. Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Nàìjíríà àti Kódífuà, gbogbo wọn ló jìyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá owó ṣì wà lórí fóònù yín. Ẹ bi aládùúgbò yín tó ń lo ilé iṣẹ́ fóònù mìíràn. Bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́ dé orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, ó lè jẹ́ wáyà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé WhatsApp nìkan ni kò lọ, tí kò lọ lórí ilé iṣẹ́ fóònù kankan, tí ìkànnì mìíràn sì ń ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n tì í ni.

6. Kí ni ká ṣe?

Àwọn kan ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní VPN. Ó dà bí kí a fi lẹ́tà wa sínú lẹ́tà mìíràn, ká fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan lókèèrè, kí ọ̀rẹ́ náà bá wa fi jíṣẹ́. Oníbodè á rò pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ nìkan la ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀, VPN kò lè ṣe nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ náà sì lè rí ibi tí ẹ ń lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo VPN ọ̀fẹ́ la lè gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan sì wà tí òfin wọn kò gbà á.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ yín, ti dókítà, ti oníbàárà yín sínú rẹ̀. Ìpè lásán kì í gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí à ń tẹ nọ́ńbà fi ránṣẹ́ lórí fóònù kékeré kì í gbà á pẹ̀lú. Ẹ ní rédíò nílé. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́, kí a má bàa fún ẹnikẹ́ni ní àwáwí láti ti ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá oníkajú. Ká ní ó ti kọ nọ́ńbà alájàpá mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀ ni, ì bá pe èkejì, ì bá pe ẹ̀kẹta, kó tó ta ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀yin ti ní ohun tí oníbodè kankan kò lè tì mọ́ yín.

Ẹ jọ jíròrò:
1. Ọ̀nà mẹ́rin wo ni wọ́n ń gbà ti íntánẹ́ẹ̀tì?
2. Kí ló dé tí oníbodè kò lè dá irọ́ nìkan dúró?
3. Níbo lẹ wà ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́? Kí ni ẹ pàdánù?
4. Nọ́ńbà márùn-ún wo ló yẹ kí ẹ kọ sínú ìwé yín lónìí?